Ọ̀nà Ẹsẹ̀ Lásán, láti Bépanda dé PK8

Ọ̀nà kan wà tó gba iwájú ṣọ́ọ̀bù mi ní PK8 tó sì lọ já sí Bépanda. N kò tíì rí i nínú àwòrán ìlú Douala kankan, ní Kamẹrúùnù níhìn-ín, bẹ́ẹ̀ ni n kò rí orúkọ rẹ̀ lára pátákó kankan. Ẹ̀yìn ló ń gbà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin: ẹ̀yìn ọjà, ẹ̀yìn ilé ẹ̀kọ́, ẹ̀yìn ọgbà àwọn tó ń tún ọkọ̀ ṣe. Ẹni tó bá ń kánjú, tí kò sì fẹ́ kó sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Ndokoti, ló mọ̀ ọ́n.

Ní àárín ọ̀nà yẹn, níbi tí ilẹ̀ ti tẹ́ pẹrẹsẹ, tí kò sí òkè, tí kò sí kòtò, ọ̀nà náà dédé yà bàrà bí ẹni tó rí àna rẹ̀ lọ́ọ̀ọ́kán. Yóò lọ yípo díẹ̀, yóò tún padà sójú ibi tó ń lọ. Àwọn ọlọ́kadà, tí à ń pè ní bẹ́ńsíkìn níhìn-ín, kì í yéé ráhùn sí i. Ọ̀kan gbé mi lọ́jọ́ kan, bó ṣe ń yà kọ́rọ́kọ́rọ́ níbẹ̀, ó bi mí pé wèrè wo ló la irú ọ̀nà báyìí. Mo gbá a lẹ́yìn pẹ́pẹ́, mo ní, "C'est ma mère." Ìyá mi ni.

Wọ́n ní, amúkùn-ún, ẹrù rẹ wọ́, ó ní ẹ ò wo ìsàlẹ̀, òkè lẹ̀ ń wò. Bí ọ̀rọ̀ ọ̀nà wa ṣe rí nìyẹn. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìdí tó fi wọ́ yóò kọ́kọ́ mọ ẹsẹ̀ tó tẹ̀ ẹ́.

Ìjọ aláṣọ funfun ni wá. Ẹni tó bá ti wọ sùtánà nínú wa kò gbọdọ̀ wọ bàtà, ìbáà jẹ́ orí òkúta ló ń rìn, ìbáà jẹ́ inú ẹrẹ̀. Láti ẹnu ọ̀nà ilé rẹ dé ilé Ọlọ́run, ẹsẹ̀ lásán ni. Nígbà tí ìyá mi gbé wa wá láti Ògbómọ̀ṣọ́, Bépanda la kọ́kọ́ gbé, ilé ìjọsìn ò sì ju ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ. Aṣọ ìnura àti aṣọ ọmọdé ni ìyá mi ń tà nígbà náà. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, onílé wa ní òun fẹ́ fi ilé òun ṣe ilé ọtí, bí a ṣe kó lọ sí PK8 nìyẹn. PK8 ìgbà yẹn, oko kókò pọ̀ níbẹ̀ ju ilé lọ. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí.

Ọjọ́ ìsinmi àkọ́kọ́ tí a máa lọ sí ìjọsìn láti PK8, ọ̀nà ọlọ́dà la gbà, torí òun nìkan la mọ̀. Ní àárọ̀, ó dára. Nígbà tí a ń bọ̀ ní ọ̀sán, ọ̀dà ti gbóná, ó ń lẹ̀ mọ́ wa lẹ́sẹ̀, èmi sì ń fò sókè sódò bí àkèré. Mo sunkún dé ilé. Ìyá mi kò sunkún, ṣùgbọ́n mo rí i nígbà tó ki ẹsẹ̀ méjèèjì bọ inú báàfù omi tútù tó sì di ojú. Bó ṣe yọ ẹsẹ̀, ó ní, "A ò ní gba ibẹ̀ mọ́."

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, òun àti àwọn ìyá márùn-ún mìíràn nínú ìjọ, àwọn tí ilé wọn wà lápá ọ̀dọ̀ wa, gba inú oko. Wọn ò mú àdá dání. Ohun tí wọ́n ń wá kì í ṣe ọ̀nà tó yá, ọ̀nà tí kò ní gún wọn lẹ́sẹ̀ ni. Èyí ni mo fẹ́ kí ẹ̀yin tó ń wọ bàtà mọ̀. Ẹni tó wọ bàtà ń fi ojú yan ọ̀nà, ó sì máa ń yan èyí tó gún tààrà. Àtẹ́lẹsẹ̀ ló yan tiwa. Ní ibi tí ọ̀nà ti yà lónìí, ẹnìkan wà tó ń da ìgò fífọ́ sílẹ̀ níbẹ̀ nígbà náà, òkìtì ìgò tó tó ilé kan. Àwọn ìyá mẹ́fà yẹn yí òkìtì náà po, wọ́n sì padà sójú ọ̀nà. Lọ́sẹ̀ kejì wọ́n tún yí i po. Nígbà tó yá, koríko tí wọ́n ń tẹ̀ kò hù mọ́. Àwọn tó ń gbé ẹ̀gẹ́ lọ sọ́jà bẹ̀rẹ̀ sí í tọ̀ ọ́, àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ tọ̀ ọ́, àwọn tó wọ bàtà tọ̀ ọ́. Wọ́n kó ìgò lọ, koríko bo ilẹ̀ ibẹ̀, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó tún un ṣe kó gún. Àwọn tó wá kọ́lé lẹ́yìn náà kọjú ilé wọn sí ọ̀nà bí wọ́n ṣe bá a.

Títí di òní, bí ẹ bá fi aṣọ dì mí lójú, mo lè sọ ibi tí mo dé fún yín. Ẹ̀yìn ilé ìjọsìn ní Bépanda, ọ̀dọ̀ àwọn káfíńtà ni, èérún igi ló wà nílẹ̀, ó ń rọ̀ mọ́ni lẹ́sẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ilẹ̀ pupa olókùúta wẹ́wẹ́, tí a máa ń gba etí rẹ̀. Lẹ́yìn ibi tó ti yà ni ilẹ̀ àbàtà, tó tutù kódà ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, lẹ́yìn náà odò kékeré kan tí kò ju ìṣísẹ̀ mẹ́ta lọ. Lẹ́yìn odò, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ oníyanrìn. Bí ẹ bá sì ti ń rí i tí nǹkan dúdú ń lẹ̀ mọ́ yín lẹ́sẹ̀, epo ọkọ̀ àwọn mẹkáníìkì ni, ẹ ti dé PK8.

Àbàtà yẹn ló fẹ́ lé wa padà. Ní ìgbà òjò, tí òjò Douala bá ti fi ọ̀sẹ̀ méjì rọ̀ láìdá, omi ibẹ̀ a máa dé orúnkún. Bàbá kan wà nínú ìjọ tó ń já ẹrù ní èbúté. Ó sọ fún ìyá mi pé sìmẹ́ǹtì tí òjò bá ti pa ní èbúté máa ń gan sínú àpò, ó máa ń di òkúta, wọn kì í sì í mọ ibi tí wọ́n máa dà á sí. Ìyá mi ní kó bá wa bẹ̀ wọ́n. Ó bẹ̀ wọ́n, awakọ̀ tírélà kan tó ń lọ sí apá ìlà oòrùn sì gbé e wá, ó dà á sí etí títì ní PK8. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni àwọn ìyá fi ń yí àpò sìmẹ́ǹtì gígan lọ sínú àbàtà, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èmi náà wà níbẹ̀. N kò ní parọ́, ìráhùn ni mo ń ráhùn. Ìyá mi wà nínú ẹrẹ̀, ó fi ìró rẹ̀ há ìbàdí, ó ń to òkúta náà bí ẹni tó ń to iṣu sínú abà. Nígbà tí bébà ara àpò jẹrà tán, bátànì ẹnu àpò hàn lára òkúta kọ̀ọ̀kan, ibi tí ó ṣẹ́po àti ibi tí wọ́n rán. Bóyá ibẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ràn ìránṣọ, n ò mọ̀.

Mo di télọ̀. Sùtánà ni mo mọ̀ ọ́n rán jù, kì í ṣe pé mò ń fọ́nnu, ẹ lọ bi wọ́n. Nígbà tí mo fẹ́ gba ṣọ́ọ̀bù, òpin ọ̀nà wa ní PK8 ni mo gbà á sí, níbi tí ọ̀nà náà ti fẹ̀ jù, tí ọkọ̀ méjì lè yà fún ara wọn. Ìyá mi ń bá mi gbé ní yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù. Iṣẹ́ ń wọlé. Mo ní ọmọ iṣẹ́ méjì, obìnrin, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé dé. Ẹ̀rọ ìránṣọ di mẹ́ta nínú yàrá tí kò gbà ju ẹyọ kan lọ, a sì ń fi ìgúnpá gún ara wa.

Ọdún tí ẹ̀gbọ́n ìyá mi kú, ìyá mi lọ sílé, ó lo bí ọdún kan níbẹ̀. Kí ó tó dé ni mo pe bíríkìlà. Mo ní kó gbé ògiri iwájú ṣọ́ọ̀bù síwájú ní ìṣísẹ̀ mẹ́rin. Mẹ́rin péré. Ọ̀nà fẹ̀ níbẹ̀, mo ní, ìṣísẹ̀ mẹ́rin kò lè pa á lára. Nígbà tí ògiri dúró tán, ọkọ̀ kò lè kọjá mọ́, àfi ọ̀kadà àti ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn, àwọn náà yóò sì fẹ̀gbẹ́ rìn láàrin ògiri mi àti gọ́tà. Mo sọ fún ara mi pé ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ ni tẹ́lẹ̀tẹ́lẹ̀. Ọkàn èèyàn mọ ọ̀rọ̀ dídùn tó máa ń sọ fún olúwa rẹ̀.

Ìyá mi dé. Ó wo ògiri, ó wo gọ́tà. Ó ní, "Ó mà ti fẹ̀ o." Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo rò pé ó ń yìn mí.

Ọdún karùn-ún lẹ́yìn ìyẹn ni ọkùnrin kan ra ilẹ̀ tó wà níbi tí ọ̀nà ti yà, àti àbàtà tó tẹ̀ lé e. Kì í ṣe èèyàn burúkú, mo mọ èyí báyìí, ṣùgbọ́n nígbà náà, n kò fẹ́ gbọ́ orúkọ rẹ̀ rárá. Ó kọ́ ilé tó dára, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í mọ fẹ́ǹsì yí i ká. Fẹ́ǹsì náà gba orí ọ̀nà wa kọjá. Ó kọ́kọ́ fi àlàfo kékeré sílẹ̀, nígbà tó yá ó dí i, ó da yẹ̀pẹ̀ sí inú ọgbà, ó gbin òdòdó sí i. Ó ní titre foncier òun, ìwé tí ìjọba fi fún òun ní ilẹ̀, kò sọ nípa ọ̀nà kankan. Ó ní bí ọ̀nà bá wà, kó gún, kì í ṣe kó wá yà wọ inú ilẹ̀ onílẹ̀. Ibi tí ì bá sì gbà tí ó bá gún ti di ilé ẹlòmíràn.

Ọ̀nà wa bá pín sí méjì. Àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ní láti gba títì, níbi tí àwọn tírélà tó ń ti èbúté bọ̀ ti ń sáré lọ sí Chad. Láàrin ọ̀sẹ̀ kan, ọkọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá ọmọ méjì. Àwọn ará ìjọ tún padà sórí ọ̀dà, pẹ̀lú sùtánà, lẹ́sẹ̀ lásán, àwọn àgbàlagbà ń fò bí mo ṣe fò lọ́jọ́sí.

Àyà mi ò já. Ẹnu mi mú, ẹ ti rí i. Mo lọ bá chef, olórí àdúgbò, lẹ́ẹ̀mẹta. Mo dúró níwájú fẹ́ǹsì, mo ń pariwo pé ojú kì í ti ẹni tó ń gba ọ̀nà lọ́wọ́ ogúnlọ́gọ̀ èèyàn, pé kí ni ẹnì kan fẹ́ fi ọ̀nà gbogbo ayé ṣe. Mo sọ ọ́ ní Faransé, mo sọ ọ́ ní Píjìn, mo fi Yorùbá bú u níbi tí kò ti ní gbọ́. Bí mo bá délé, mo tún máa ń tún gbogbo rẹ̀ sọ fún ìyá mi. Yóò máa ṣa ẹ̀wà, yóò wò mí, yóò tún máa ṣa ẹ̀wà rẹ̀ lọ.

Nígbẹ̀yìn, chef ránṣẹ́ pè mí. Ó ní àwọn ìjọba yóò rán awọnlẹ̀ kan wá láti wá wo ọ̀rọ̀ náà. Ó ní kí n mú ẹni tó mọ ọ̀nà náà pẹ́ jù wá. Ẹni náà yóò rìn ín láti Bépanda dé òpin, ibi tó bá sì gbà ni wọn yóò kọ sílẹ̀. "Tout le tracé," ni ó sọ. Gbogbo rẹ̀ pátá. Inú mi dùn, mo ti ń fò jáde, kí ọ̀rọ̀ náà tó wọ̀ mí lára. Gbogbo rẹ̀. Òpin ọ̀nà, iwájú ṣọ́ọ̀bù mi ni.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, ìyá mi ń lọ sùtánà. Ọjọ́ ìsinmi kọ́, ọjọ́ ìsọjí kọ́. Mo bi í pé kí ló dé tó fẹ́ wọ̀ ọ́, ó ní nítorí pé a kì í wọ̀ ọ́ purọ́. Mo jókòó tì í.

"Màámi, fẹ́ǹsì yẹn nìkan ni wọ́n fẹ́ wò. Bí ẹ bá ti dé ibẹ̀, ẹ jókòó. Màá gbé àga dání."

"Kí n jókòó ṣe kí ni?"

"Oòrùn yóò ti mú. Ẹsẹ̀ sì ń dùn yín."

"Ẹsẹ̀ tó ń dùn mí náà ni mo fẹ́ fi rìn."

Lẹ́yìn náà mo sọ ohun tó wà lọ́kàn mi gan-an. "Màámi, ṣọ́ọ̀bù yìí la fi ń jẹun."

Ó yọ wáyà áyọ́ọ̀nù, ó gbọn sùtánà, ó ní kí n bá òun wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá ó ti gún. Ó ti gún. Èmi ni mo rán an.

Àwa bí ọgbọ̀n la péjọ ní Bépanda. Awọnlẹ̀ tó jẹ́ ọ̀dọ́kùnrin, tó mú téèpù ìwọnlẹ̀ dání, chef, onífẹ́ǹsì pẹ̀lú ìwé rẹ̀ lábẹ́ abíyá, àti àwọn ará ìjọ àti òbí àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́. Awọnlẹ̀ wo ẹsẹ̀ ìyá mi, àánú ṣe é. "Mami, you no get shoe?"

Ìyá mi ní, "Shoe no know this road."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Ó gba orí èérún igi àwọn káfíńtà, ó gba etí ilẹ̀ pupa. Níbi tí àwọn kan ti kọ́ ìsọ̀ tuntun, ó dúró, ó fi ẹsẹ̀ wá ilẹ̀, ó bọ́ sí ọ̀tún, awọnlẹ̀ kan igi mọ́lẹ̀ níbẹ̀. Kò yára, kò sì sinmi. Nígbà tí a dé ìdí fẹ́ǹsì, onífẹ́ǹsì ṣí géètì fún wa, ó na ọwọ́ sí ọgbà òdòdó rẹ̀. Ó ní kí màmá fi ọ̀nà han òun, òdòdó nìkan ni òun ń rí.

Ìyá mi wọ inú òdòdó lọ. Ó rìn síwájú, ó fà sẹ́yìn, ó tún rìn síwájú díẹ̀. Ó dúró. "Make wuna dig here."

Wọ́n mú ṣọ́bìrì. Yẹ̀pẹ̀ tí wọ́n dà síbẹ̀ kò jìn. Ṣọ́bìrì ró kán-ún. Wọ́n fi ọwọ́ kó yẹ̀pẹ̀ kúrò, òkúta kan yọjú tó ṣe rògòdò bí ìrọ̀rí, awọnlẹ̀ sì kúnlẹ̀, ó da omi sí i, ó fi àtàńpàkò nù ún. Bátànì ẹnu àpò hàn kedere, ibi tó ṣẹ́po àti ibi tí wọ́n rán. Ìyá mi gbé ẹsẹ̀ kan síwájú, ó ní kí wọ́n gbẹ́ ibẹ̀ náà. Òkúta kejì. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹ̀kẹta. Bí irọ́ lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ ń bá a. Onífẹ́ǹsì ká ìwé rẹ̀.

Ariwo sọ. Èmi ni mo pariwo jù. Mo jó, mo fò mọ́ chef, mo ní, "Ẹ ti rí i! Ṣé ẹ ti rí i!" Mo gbé àga ìyá mi sókè bí ẹni tó gba ife ẹ̀yẹ. Nígbà tí mo máa gbé e kalẹ̀ kó lè jókòó, n kò rí i mọ́. Ó ti sọdá odò. Ó ti ń gun gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ lọ, sùtánà rẹ̀ ń fẹ́ lẹ́lẹ́, awọnlẹ̀ sì ń fa téèpù tẹ̀ lé e.

Mo sáré. Mo ń pe, "Màámi! Màámi, ó ti tó!" Kò bojú wẹ̀yìn. Ó gba ọ̀dọ̀ àwọn mẹkáníìkì, ó jáde sí PK8. Kò yà sí ẹ̀gbẹ́ gọ́tà bí gbogbo ayé ti ń ṣe láti ọdún mẹ́fà. Àárín ló tọ̀ títí tó fi dé ìdí ògiri mi, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e lórí. Ó ní, "Road pass here."

Onífẹ́ǹsì ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. "Et ça, c'est à qui?" Ta ló ni èyí? Ó mọ ẹni tó ni ín. Gbogbo wọn yíjú sí mi. Ọ̀rọ̀ tí mo ti ń fi ẹnu ara mi pariwo láti oṣù méjì, gbogbo rẹ̀ padà wá bá mi níbẹ̀. Ojú tì mí débi pé etí mi ń hó.

Chef fẹ́ràn mi. Èmi ni mo ń rán aṣọ rẹ̀. Ó wúkọ́, ó bá mi sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, ó ní oòrùn ti mú, àgbàlagbà ni màmá, ó ti rẹ̀ wọ́n, bóyá àṣìṣe ni. Ó ní bí mo bá sọ pé ẹ̀gbẹ́ gọ́tà ni ọ̀nà gbà, ẹ̀gbẹ́ gọ́tà ni awọnlẹ̀ yóò kọ, ó sì tán. Awọnlẹ̀ di bírò mú, ó ń dúró dè mí.

Mo wo ìyá mi. Kò wò mí, kò ṣẹ́jú sí mi, kò bẹ̀ mí. Ọwọ́ rẹ̀ wà lórí ògiri, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì dúdú fún epo ọkọ̀, ó kàn dúró síbẹ̀ bí ẹni tó parí iṣẹ́ tí wọ́n rán an. Mo fẹ́ parọ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́, irọ́ náà ti dé etí ètè mi. Ṣùgbọ́n ta ni màá fi irọ́ náà sọ di arúgbó tí orí rẹ̀ ti dàrú? Obìnrin tó to òkúta sínú àbàtà?

Mo ní, "Wọn ò ṣàṣìṣe. Ibẹ̀ ni ọ̀nà gbà. Èmi ni mo kọ́lé lé e."

Awọnlẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀. Ó mú pẹ́ńtì pupa, ó fa àmì àgbélébùú wíwọ́ kan sí ara ògiri mi. Wọ́n padà lọ fa irú rẹ̀ sí ara fẹ́ǹsì.

Nígbà tí gbogbo wọn lọ tán, mo bú sẹ́kún. Inú bí mi sí i, n kò ní tan yín. Mo bi í pé kí ló dé, ṣebí a ti borí nígbà tí òkúta yọjú, kí ló dé tí kò dúró síbẹ̀. Ó ń fi kẹrosín-ín nu ẹsẹ̀. Ó ní, "Bí mo bá dúró ní tiẹ̀, ìjà ni mo bá a jà. Ìgbà tí mo dé tiwa ló tó di ọ̀nà."

Wọ́n fún wa ní ọgbọ̀n ọjọ́ láti wó o. N kò dúró dè é. Lọ́jọ́ kejì mo kó ẹ̀rọ jáde, mo ya òòlù lọ́wọ́ mẹkáníìkì, mo fi ọwọ́ ara mi gbá búlọ́kù àkọ́kọ́. Ó ṣòro ju bí mo ṣe rò lọ. Bíríkìlà yẹn mọṣẹ́. Àwọn ọmọ iṣẹ́ mi bá mi gbá a, àwọn ará ìjọ dé, nígbà tó fi máa di ìrọ̀lẹ́, ògiri ti di àlàpà. Ní ọjọ́ kẹta, a gbọ́ òòlù láti apá odò. Onífẹ́ǹsì ló ń wó tiẹ̀. Kò sẹ́ni tó lọ bá a pariwo. Nígbà tí mo bá a pàdé lẹ́yìn náà, ó bọ́ fìlà fún mi, ó sì gbé aṣọ ìyàwó rẹ̀ wá kí n bá òun dín in kù.

Ẹ̀rọ mẹ́ta ti padà sínú yàrá ẹyọ kan, a sì tún ń fi ìgúnpá gún ara wa. Bí oníbàárà bá ní ṣọ́ọ̀bù mi há, mo máa ń sọ fún un pé mo mọ̀. Mo máa ń sọ ọ́ tìyangàtìyangà. Ọ̀nà tó wà níwájú ibẹ̀, tí àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ń gbà, tí ọkọ̀ aláìsàn gbà lóṣù tó kọjá, ìyá mi ló là á, ìyá mi náà ló tún un là nígbà tí ọmọ rẹ̀ dí i.

Ohun kan wà tí n kò mọ̀ títí di ọjọ́ ìsinmi àkọ́kọ́ lẹ́yìn tí a wó ògiri. Mo wà nílé nítorí ibà. Ìyá mi ti ìjọsìn dé. Mo gbọ́ ìṣísẹ̀ rẹ̀ ní iwájú, ó sì yà mí lẹ́nu, nítorí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ló máa ń gbà. Ìgbà náà ni mo tó ṣírò rẹ̀. Láti ọjọ́ tó ti ilé dé, fún ọdún mẹ́fà gbáko, ìyá mi kò fi ẹsẹ̀ kan apá tí mo fi kún ṣọ́ọ̀bù yẹn rí. Kò jókòó síbẹ̀, kò gba ibẹ̀ kọjá. Ó ń yí gbogbo ilé po, láàárọ̀ àti lálẹ́, nínú òjò, atẹ́gùn ẹ̀yìn ni mo sì rò pé ó ń wá. Báyìí, ó gba iwájú. Ó rìn kọjá níbi tí tábìlì tí mo fi ń gé aṣọ wà tẹ́lẹ̀, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ẹsẹ̀ eléruku.

Ó ní, "Ẹ kú ilé o."

Mo ní, "Ẹ káàbọ̀, Màámi."